Ìyá Àgbà Tó Ń Bá Kóòṣì Jà Lórí Rédíò

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ló ní kí n kọ ọ́. Mo bi í bóyá kí n yí orúkọ rẹ̀ padà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àṣírí tó ti tú lórí rédíò tí gbogbo ìpínlẹ̀ Nebraska nílẹ̀ Amẹ́ríkà sì gbọ́, kí ni mo tún fẹ́ bò níbẹ̀?

Janelle Brandvold ni. Ọkọ rẹ̀, Curt, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tolliver. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mò ń wí o, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré tàbí tí wọ́n ń jù fún ara wọn. Mo ti bá wọn gbé ládùúgbò pẹ́ tó láti mọ̀ pé ìyàwó akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í ra àga tó wúwo. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń borí, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó tóbi ju tiwọn lọ á ránṣẹ́ pè é. Bó bá ń pàdánù, wọ́n á lé e. Èyí tó wù kó jẹ́, ìyàwó ni yóò wá páálí.

Janelle ti di ẹrù kúrò ní ìlú mẹ́fà. Gbogbo ibi tí wọ́n bá dé ló máa ń gbin igi ápù sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì tíì jẹ ẹyọ kan rí lára èso wọn, nítorí wọ́n á ti kó lọ kí igi tó so. Ní Tolliver yìí, igi náà ti ga jù ú lọ. Britta, ọmọ wọn obìnrin, ti ní àwọn ọ̀rẹ́ tí kò fẹ́ fi sílẹ̀. Janelle ti ra àga tó wúwo.

Ìgbà yẹn gan-an ni Curt ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi ṣíbí ro ọbẹ̀ rẹ̀ láìjẹ ẹ́.

"Àwọn ará Texas ń wò mí," ó wí.

"Àwọn ará Texas wo?"

"Yunifásítì ńlá yẹn. Pápá ìṣeré wọn nìkan gba èèyàn ju gbogbo ìlú yìí lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Janelle fèsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé níbi tí àwọn páálí wà. Ó wo èyí tí wọ́n kọ "Ohun Ìdáná" sí lára, ó ta á nípàá. Ó dùn mọ́ ọn, ó tún ta á nípàá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ọjọ́bọ̀ fún yín. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí àsìkò bọ́ọ̀lù bá ti wọlé, Curt á jókòó nílé oúnjẹ Hattie, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Duane sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, wọ́n á máa bá aráyé sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Àwọn tó wà níbẹ̀ á máa jẹun, àwọn tó wà nílé á máa pe fóònù láti bi Kóòṣì, bí wọ́n ṣe ń pe akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀, ní ìbéèrè. Duane kì í wo nọ́ńbà ẹni tó pè. Ẹni tó bá ti wọlé ló ń gbé sáfẹ́fẹ́. Bí páì, àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi èso kún inú rẹ̀, bá sì ti inú ààrò jáde, Hattie á lu agogo ẹnu ọ̀nà ìdáná rẹ̀, gbogbo ilé á sì pariwo pé "Páì!" Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n mọ̀ pé àlejò ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Janelle ń bẹ ọ̀dùnkún nílé, ó ń gbọ́ rédíò. Duane ní fóònù dákẹ́ lónìí, ṣé kò sẹ́ni tó fẹ́ bá Kóòṣì sọ̀rọ̀ ni? Janelle wo fóònù ara ògiri. Ó gbójú kúrò. Ó tún wò ó.

Ohun tó rò kò ju èyí lọ: bí àwọn ará Texas bá gbọ́ pé àwọn ará ìlú Curt gan-an ò gba tiẹ̀, wọ́n á wá ẹlòmíràn lọ. Ó nu ọwọ́, ó fi aṣọ ìnuwo bo ẹnu fóònù, ó sì yá ohùn àǹtí ìyá rẹ̀ kan tó ti kú tipẹ́.

"Ẹ ǹlẹ́ o," ó wí. "Verna ni mò ń jẹ́. Oko ni mo ti ń pè."

"Mama Verna, ẹ káàbọ̀," ni Duane wí. "Kóòṣì ń gbọ́ yín."

"Kóòṣì, ọmọ mi, ìbéèrè kékeré kan ni. Bọ́ọ̀lù yẹn, ṣé wọ́n kìlọ̀ fún ọ pé kò gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run ni?"

Gbogbo ilé Hattie bú sẹ́rìn-ín. Janelle gbọ́ wọn nínú rédíò, orí rẹ̀ wú.

"Mama, mi ò gbọ́ yín dáadáa," ni Curt wí.

"O gbọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kínní, o ní kí wọ́n gbé e wọ àárín. Ẹ̀ẹ̀kejì, àárín. Ẹ̀ẹ̀kẹta, àárín. Ọmọ ọmọ mi tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ti mọ ibi tó ń lọ. Jù ú, ọmọ mi. Ọ̀fẹ́ ni."

Nígbà tí Curt délé, ó sọ fìlà rẹ̀ mọ́ àga.

"Ṣó o gbọ́ ìyá yẹn?"

"Ìyá wo?"

"Verna. Ará oko kan. Ó ní ọmọ ọmọ òun mọ ibi tí bọ́ọ̀lù mi ń lọ."

"Áà, ó mà ṣe o," ni Janelle wí, ó bu ọbẹ̀ sí i. "Ṣé irọ́ ló wá pa ni?"

Curt gbójú sókè wò ó. Janelle sáré lọ síbi fíríìjì bí ẹni tó ń wá bọ́tà, ó ki orí bọ inú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí etí rẹ̀ fi tutù.

Ká ní ó mọ níwọ̀n ni, n kì bá tí ní ìtàn sọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Verna tún pè. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè. Ó ti wá di pé àwọn tí kò gbọ́ bọ́ọ̀lù rí gan-an ń yí rédíò sí ibẹ̀ nítorí ìyá àgbà. Ọkùnrin tó ń ta epo mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ fìlà tí wọ́n kọ BI VERNA LÉÈRÈ sí. Pásítọ̀ ìjọ wọn fi Verna ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí kì í bẹ̀rù òótọ́, Janelle sì ní láti ṣe bí ẹni tó ń húkọ́.

"Màá jù ú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," ni Curt wí níjọ́ kan, inú ń bí i. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá ti já bọ́, màá sọ fún ìyá yẹn lórí afẹ́fẹ́ pé, ó já bọ́ o, ẹ lọ tọ́jú màlúù yín."

Ó jù ú. Kò já bọ́. Wendell, ọmọkùnrin sígbọnlẹ̀ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ òun mọ ohun tó tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó jẹ́ kó dán an wò rí. Wọ́n borí. Wọ́n tún borí. Curt ń jó wọlé. Ó gbé Britta yípo títí àtùpà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ó ní òun máa fi òdòdó ránṣẹ́ sí Verna bí òun bá mọ oko rẹ̀.

Àwọn ará Texas náà ò kàn ń wò mọ́. Wọ́n pè.

Janelle jókòó sórí páálí lábẹ́ ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ohun tó fi ń lé wọn ló wá fi ń pè wọ́n. Ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n, ẹkún náà ń gbọ̀n ọ́n, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe.

Ohun tó wá ṣe ló burú jù.

"Ọmọ mi," ni Verna wí ní Ọjọ́bọ̀ tó kàn, "má jù ú mọ́."

"Mama, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa jù ú."

"Mo ti tún un rò. Òtútù ti dé, afẹ́fẹ́ á máa gbé e lọ. Gbé e wọ àárín."

"Ẹ ò tíì ṣì mí lọ́nà rí, Mama," ni Curt wí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àárín ni wọ́n gbé e gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹgbẹ́ tí kò tíì na ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn nà wọ́n nínà ìyà. Wendell jókòó sórí koríko lẹ́yìn eré, ó fi ẹ̀wù bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Janelle lórí àga òǹwòran. Ó mọ̀ pé òun lòun na ọmọ yẹn, ọmọ tí kò ṣe òun ní nǹkan kan.

Lọ́dọ̀ tiwa nílé, a máa ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Níbí, bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá fìdí rẹmi pátápátá, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ló ń lọ ri pátákó "ILÉ TÍTÀ" mọ́lẹ̀ síwájú ilé rẹ̀ kó tó jí. Bí Curt ṣe ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti gbé ìwé ìròyìn, ohun tó kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn.

Ọ̀gbẹ́ni Lyle Pruitt, ọ̀gá eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, pè é lọ́jọ́ kejì. Ó ní àwọn tó ń dáwó fún ẹgbẹ́ ò dákẹ́, òun ò sì mọ ohun tóun lè ṣèlérí. Àwọn ará Texas ní àwọn ṣì ń fẹ́ ẹ, àmọ́ kó fèsì kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

"Mi ò mọ èyí tí màá ṣe," ni Curt sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Janelle la ẹnu. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni, "Jẹ́ ká dúró." Ohun tó jáde ni, "Ibi tó bá ti dáa fún ọ ni." Kó tó mọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ orin.

"Ìwọ àti Britta, ẹ wá sọ́dọ̀ Hattie lọ́jọ́bọ̀. Ètò ìkẹyìn nìyẹn, ibẹ̀ ni màá ti sọ ọ́. Àmọ́ mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ti Verna."

"Verna? Lẹ́yìn ohun tó fojú ẹ rí?"

"Ó ṣì mí lọ́nà lẹ́ẹ̀kan, òótọ́ ni," ni Curt wí. "Àmọ́ nínú gbogbo ìlú yìí, òun nìkan ló ń sọ tinú ẹ̀ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Janelle lára. Ó lọ fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, èèyàn kún ilé Hattie débi pé àwọn kan jókòó sójú fèrèsé. Pruitt wà níwájú pẹ̀lú táì lọ́rùn. Janelle jókòó ti ọkọ rẹ̀. Duane ní fóònù ti ṣí o, ẹni tá a sì ń retí kò pamọ́. Wọ́n dúró. Duane ka orúkọ àwọn tó ṣe ọjọ́ ìbí. Wọ́n tún dúró.

Janelle dìde. "Mò ń bọ̀. Ilé ìtọ̀."

"Mọ́mì, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé," ni Britta wí.

Janelle gba ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́nu ìdáná, ó já aṣọ ìnuwo Hattie kan gbà lára ìkọ́, ó sì fa fóònù yọ lápò. Ó pinnu pé ẹ̀ẹ̀kan yìí ni yóò tún ṣe é mọ. Verna á ní kó dúró, Curt á dúró, Verna á sì kú sí oko rẹ̀ ní àlàáfíà.

"Ọmọ mi," ni ohùn Verna wí, ó gba inú ẹ̀rọ kún gbogbo ilé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Mama, mo ti ń retí yín."

"Mo ṣì ọ́ lọ́nà. Dárí jì mí."

"Ó ti tán, Mama. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n lọ?"

Janelle tẹ aṣọ náà mọ́ ẹnu. "Má lọ," ó wí. "Ìyàwó ẹ ò lè sọ ọ́ fún ọ, àmọ́ òun..."

Hattie yọ láti ìdáná, páì gbígbóná lọ́wọ́ kan. Kò tilẹ̀ rí ẹni tó dúró sábẹ́ agogo. Ó fi ọwọ́ kejì fa okùn.

"Páì!" ni gbogbo ilé pariwo.

"Páì!" ni Verna náà pariwo láti inú ẹ̀rọ, ketekete, ní ohùn Janelle Brandvold.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo wà níbẹ̀. Gbogbo ojú ló yí sí ọ̀nà ìdáná. Britta rọra gbé iwájú orí lé tábìlì.

"Mọ́mì," ó wí.

Curt dìde pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́, okùn rẹ̀ ń fa abọ́ ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn ọ̀nà tóóró náà. Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn pẹ̀lú aṣọ ìnuwo lẹ́nu, àti Hattie tó ń wò ó látòkèdélẹ̀.

"Verna," ni Curt wí.

"Kóòṣì," ni Janelle dáhùn.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára sọ ọ́ di ikọ́.

"Ìwọ lo ní kí n má jù ú mọ́?"

"Èmi ni."

"Wendell sunkún, Janelle."

"Mo rí i. Kò kúrò lójú mi."

"Kí ló dé tó o fi ṣe é?"

"Mi ò fẹ́ lọ sí Texas. Mi ò fẹ́ lọ síbì kankan mọ́. Ó ti sú mi. Mo fẹ́ jẹ ápù igi mi."

"O sọ fún gbogbo Nebraska, o ò sọ fún mi."

"O ò bi mí. O ní wọ́n ń wò ọ́. Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè."

"O ń kọrin," ni Curt wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. "Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pè mí ni wàá máa kọrin, wàá sáré lọ gbé páálí. Mo rò pé ó ń dùn mọ́ ọ ni. Ibi tá a ti wá síbí, nítòsí adágún odò yẹn, ṣó o mọ̀ pé mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀? Mo ní kí n gba iṣẹ́ yìí, ìyàwó mi fẹ́ràn ibi tuntun."

Janelle yọ aṣọ ìnuwo kúrò lẹ́nu. "Mò ń kọrin kí Britta má bàa gbọ́ ẹkún mi ni."

"Mo máa ń gbọ́ ọ, Mọ́mì," ni Britta wí láti ìdí tábìlì, gbohùngbohùn Duane sì gbé e lọ sí gbogbo ilé tó wà láàárín ibẹ̀ àti odò ẹ̀yìn ìlú.

Curt nu ojú pẹ̀lú apá ẹ̀wù rẹ̀. Ó yíjú sí Duane.

"Ṣé àwọn ará Texas ń gbọ́ wa?"

"Kóòṣì, kò sẹ́ni tí kò gbọ́."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará Texas. Mi ò wá mọ́."

Pruitt dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Curt, mi ò tíì sọ pé àwa ṣì ń fẹ́ ọ o."

"Lyle," ni Hattie wí, ó gbé páì síwájú rẹ̀, "jókòó kó o jẹ páì ẹ." Pruitt wo gbogbo èèyàn tó ń wò ó, ó jókòó, ó sì jẹ páì rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀ pẹ̀lú ìfẹnukonu. Inú bí Curt gidi. Fún ọjọ́ mélòó kan, "Gbé iyọ̀ fún mi" nìkan ni ọ̀rọ̀ tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Kì í ṣe èmi lo máa bẹ̀. Àwọn ọmọ ni."

Janelle dúró níwájú gbogbo ẹgbẹ́ náà nínú yàrá ìmúra wọn, ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ohùn rẹ̀ sì já. Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe nínú ẹgbẹ́ yẹn, ìyà rẹ̀ ni pé yóò sáré gun àtẹ̀gùn pápá ìṣeré láti ìsàlẹ̀ dókè. Wendell ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mama Verna," ó wí, "ẹ lọ wọ bàtà tó dáa."

Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn náà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, gbogbo wọn dúró sísàlẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ lórin pé, "Àárín! Àárín! Gbé e gba àárín!" Nígbà tó dé òkè, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Curt rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ilé wọn padà bọ̀ sípò.

Pátákó yẹn ṣì wà níwájú ilé wọn dòní. Curt fi ọ̀dà pupa kọ KÌ Í ṢE sáàárín, ó ku kí ẹnì kan wá ṣe bí ẹni tí kò lè kàwé. Wọ́n tú àwọn páálí palẹ̀, wọ́n tẹ́ wọn sídìí igi ápù kí koríko má bàa hù níbẹ̀. Igi náà so lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ápù kéékèèké tó kan bí ọtí kíkan. Janelle fi ṣe páì. Hattie tọ́ ọ wò, ó tu ú dà nù, ó ní òun ò lè lu agogo fún irú èyí. Curt jẹ ẹ́ tán, ó tún bu òmíràn.

Janelle ní kí n sọ fún yín pé ohun tí ẹ bá fẹ́ bá ọkọ yín sọ, ẹ jókòó tì í nínú ilé kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ó ní rédíò ò wà fún ọ̀rọ̀ ìdílé. Bọ́ọ̀lù ni rédíò wà fún.

Ní eré àkọ́kọ́ ọdún yẹn, ó ku díẹ̀ kí wọ́n borí, Curt yíjú wo àárín èrò, ó ń wá ìyàwó rẹ̀. Janelle dìde, ó na ìka sójú ọ̀run. Curt rò ó, ó mi orí pé rárá, ó ní kí wọ́n gbé e wọ àárín. Wọ́n pàdánù.

Nílé, ó gbé fìlà kọ́, ó jókòó sórí àga tó wúwo yẹn.

"Janelle, jọ̀ọ́, má sọ nǹkan kan."

Janelle bu ọbẹ̀ sí i, ó fọwọ́ pa á lórí, kò sì sọ nǹkan kan. Ó dúró de Ọjọ́bọ̀.